Ẹ Má Tíì Tú Ẹ́ńjìnì: Ọ̀rọ̀ lórí Gíà Ọ̀kadà

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa



Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn ará wa tó ń fi ọ̀kadà jẹ́ iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́, àwọn tó ń gbé lẹ́tà àti ẹrù kiri ìgboro, ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí gíà tí kì í fẹ́ wọlé. Mo gbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ gíà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípánà nìkan. Ó ti di ọ̀rọ̀ owó oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ojú mi rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa, ní ilé-iṣẹ́ tí n kò ní dárúkọ, ń gun ọ̀kadà ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bó bá dúró fún ọkọ̀ láti kọjá, kì í rí fíríì mọ́. Bó bá tẹ gíà kìíní, ọ̀kadà á fò síwájú, ẹ́ńjìnì á sì kú. Ó sọ fún alábòójútó, wọ́n ní kó máa gùn ún bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kúẹ́rì dé: wọ́n ní ó ti ba gíábọ́ọ̀sì jẹ́, àwọn yóò sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Mẹkáníìkì tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì tú bóòtù kan ṣoṣo. Ó kàn gun ọ̀kadà náà yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan ni, ó ní gíábọ́ọ̀sì ti kú.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a gbé ọ̀kadà náà síta, kí gbogbo wa jọ wò ó. Mo fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi ìdìmú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan kan. A yọ kébùlù, okùn irin inú rẹ̀ ti já, ó ku fọ́nrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin. A wo ọ́ìlì, ó dúdú bí ọ̀dà, kò sì pé. Kébùlù tuntun àti ọ́ìlì tuntun la fi ṣe é. Kí oòrùn tó wọ̀, gíà ti ń wọlé wẹ́rẹ́. Wọ́n gba kúẹ́rì wọn padà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ṣàìsùn.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí a tó tú ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ẹ gbọ́ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú gíábọ́ọ̀sì ọ̀kadà, eyín àwọn gíà ti wọnú ara wọn tẹ́lẹ̀, wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ wa ń ṣe ni pé ó ń yí irin róbótó kan tí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà sí lára. Ojú ọ̀nà yẹn ló ń ti àwọn àmúga kéékèèké sọ́tùn-ún sósì. Àmúga ló ń ti gíà kan lọ bá ẹnìkejì rẹ̀, kí ìkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè kọ́ ti èkejì. Kílọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀ jẹ́ píléètì tí a tò léra wọn, ọ̀kan oníkọ́ọ̀kì, ọ̀kan onírin, tí sípíríǹgì tẹ̀ pọ̀. Bí a bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, àwọn píléètì á dẹ̀, agbára ẹ́ńjìnì kò ní dé ọ̀dọ̀ gíà mọ́. Bí okùn bá ń fa ẹrù, ẹ ò lè yọ ìkọ́ rẹ̀ àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ dẹ okùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá dẹ̀ tán, gíà á le, a ó sì máa bú gíábọ́ọ̀sì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nítorí náà, láti ìta la ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó lọ sínú.

Èkínní, irin gíà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ṣé bóòtù rẹ̀ dì? Ṣé eyín inú rẹ̀ kò tíì jẹ, tó fi ń yọ̀ lórí irin tó dì mọ́? Bí ọ̀kadà bá ti ṣubú rí, ẹ wò ó bóyá irin náà ti wọ́, tó ń gbá ara ẹ́ńjìnì kó tó rìn dé òpin.

Èkejì, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ rìn lófo ní nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa kébùlù, kó má ju ìbú àtàǹpàkò lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kílọ́ọ̀ṣì kò ní dẹ̀ tán: gíà á le, fíríì á sọnù. Bí kò bá rìn lófo rárá, òdìkejì ni: ẹ́ńjìnì á máa pariwo, ọ̀kadà kò ní lọ, píléètì á máa jóná. Nọ́ọ̀tì tí a fi ń tún un ṣe wà lókè lẹ́bàá ọwọ́, òmíràn wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọwọ́ ọ̀kadà sọ́tùn-ún àti sósì. Bí ìrìn òfo náà bá ń yí padà, kébùlù ti há síbì kan.

Ẹ̀kẹta, ọ́ìlì. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà onífóò-sítúróòkù, ọ́ìlì kan náà ló ń bọ́ ẹ́ńjìnì, kílọ́ọ̀ṣì àti gíà. Ẹ má bu ọ́ìlì mọ́tò èyíkéyìí sí i. Èyí tí wọ́n ṣe láti dín epo mọ́tò kù lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára. Ti onítúù-sítúróòkù yàtọ̀: ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ dá wà, kì í ṣe èyí tó ń bá epo jóná.

Ẹ̀kẹrin, ṣéènì. Eyín ṣéènì tó ti jẹ máa ń fò bí a bá fa iná sí i, ẹni tó gùn ún á rò pé gíà ló ń já. Ṣéènì tó le jù pẹ̀lú ń pa bẹ́ríǹgì ibi tí agbára ti ń jáde.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí mo fẹ́ràn jù, nítorí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ gbé ọ̀kadà lé sítáǹdì àárín kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ kan yí táyà náà, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ kejì yí gíà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo gíà bá wọlé báyìí, ṣùgbọ́n tí wọ́n le bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má gbàgbé láti yí táyà o. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, ìkọ́ lè kojú ìkọ́, gíà kò sì ní wọlé bó ti wù kó pé tó. Ẹ má fi agbára tì í.

Bí ìta bá pé tí àìsàn ṣì wà, ìgbà yẹn la ó ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣẹ́ ọ́ìlì rẹ̀. Bí irin gíà bá lọ tí kò padà sí ààyè rẹ̀, sípíríǹgì tó ń dá a padà ló já, tàbí irin kékeré tí sípíríǹgì náà rọ̀ mọ́ ló tú. Bí gíà bá wọlé tí kò jókòó, ẹ wo apá kékeré tó ní róólà, tó ń bọ́ sí kòtò irin tó rí bí ìràwọ̀. Ẹ wo agbọ̀n kílọ́ọ̀ṣì náà: bí píléètì bá ti gé ojú sí àwọn ìka rẹ̀, wọn kò ní lè rìn, kébùlù tuntun kò sì ní ràn án. Ẹ gbé píléètì onírin lé gíláàsì kí ẹ lè mọ èyí tó ti wọ́. Ẹ rẹ píléètì oníkọ́ọ̀kì tuntun sínú ọ́ìlì kí ẹ tó tò ó. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, a lè ṣe gbogbo ìwọ̀nyí láìpín ẹ́ńjìnì sí méjì.

Nígbà wo ni a wá ń pín in? Bí gíà kan pàtó, bóyá ìkejì, bá ń já jáde nígbà tí ọ̀kadà ń gun òkè tàbí tó ru ẹrù. Ìkọ́ gíà yẹn ti lè jẹ róbótó, tàbí kí àmúga rẹ̀ ti wọ́. Ẹ pààrọ̀ gíà méjèèjì tó ń kọ́ ara wọn, nítorí ogbó ń ba tuntun jẹ́.

Mo ní láti sọ òtítọ́ fún wa pẹ̀lú. Ẹni tó ń yí gíà láìfa kílọ́ọ̀ṣì, tó sì ń gbé ẹsẹ̀ lé irin gíà látàárọ̀ dalẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń pa àmúga. Ẹgbẹ́ kò ní sọ pé dúdú ni funfun nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ̀bi, òfin wà fún un. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti ọdún 1974, abala 5, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó nǹkan tó bàjẹ́ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, àfi bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí ó ṣe àìbìkítà, àti pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin yàn fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti kọ́kọ́ fi ìwé fọwọ́ sí i. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá sì yọ nínú oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí gíà bá kọ́kọ́ le, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ náà, nọ́ńbà ọ̀kadà, ohun tó ń ṣe. Ẹ fún alábòójútó ní ọ̀kan, ẹ fi èkejì pamọ́. Bí mẹkáníìkì bá ní nǹkan bàjẹ́ nínú, ẹ ní kó yọ ọ́ kí ẹ fojú rí i. Ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ fi ẹnu sọ tirẹ̀ ni, kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ká ní kébùlù náà ti já tán kí a tó dé ibẹ̀, tí wọ́n sì ti jù ú nù, kí la bá fi gbèjà rẹ̀?

Sípánà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé lọ́wọ́ òsì, ẹgbẹ́ lẹ́yìn wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo wà níta lẹ́bàá ọ̀kadà akọ̀wé. Òun náà ní fíríì ti sọnù.