Eré-Oníṣe fún Ọmọdé, Eré-Oníṣe pẹ̀lú Ọmọdé



Àkòrí tí ẹ̀ka wa fún mi ni eré-oníṣe fún ọmọdé. Mo ti fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún un, èyíinì ni "pẹ̀lú", nítorí pé inú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Bí àgbà bá kọ eré, tí àgbà ṣe é, tí a wá kó ọmọdé jọ láti wò ó, eré fún ọmọdé nìyẹn, ó sì ní ìwúlò tirẹ̀. Bí àgbà bá kọ ọ́, tí ọmọdé há a sórí, tí ó sì ń kà á jáde níwájú àwọn òbí rẹ̀, àwọn ènìyàn a máa pe ìyẹn ní eré ọmọdé. Lójú tèmi, eré àgbà ni, ẹnu ọmọdé ni a kàn fi sọ ọ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọmọdé ti lọ́wọ́ nínú ríronú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni ó ṣọ̀wọ́n jù lóde òní, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó sì pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo àlọ́. Apàlọ́ kì í dá sọ̀rọ̀. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, àlọ́ àpamọ̀ ni a óò kọ́kọ́ fi ta ọpọlọ jí, àwọn ọmọ a sì máa du ìdáhùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá kan àlọ́ àpagbè, ẹnu àwọn ọmọ ni ègbè wà. Bí wọ́n bá dákẹ́, ìtàn dúró. Apàlọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa wo ojú wọn. Bí wọ́n bá ń tòògbé, a mú orin le; bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n jù, a jẹ́ kí Ìjàpá ṣe òmùgọ̀ díẹ̀ sí i. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́ àlọ́ náà rí a ní, "Ìyá àgbà kò sọ ọ́ báyẹn," wọn a sì jọ yanjú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ mìíràn, ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ni yóò pa á fún àwọn àbúrò rẹ̀. Báyìí ni òǹwòran ṣe ń di òṣèré láìsí ẹni tí ó fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Eré òṣùpá tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí ẹkùn mẹ́ran. Àwọn ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ṣe agbo. Ẹran wà nínú agbo, ẹkùn wà lóde, ó ń wá ibi tí ọwọ́ ti dẹ̀. Àgbà kankan kò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn, síbẹ̀ ohun tí a ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níhìn-ín ni ó wà níbẹ̀: ìjàkadì, ààyè tí ó ní ààlà, orin, ìfọkànsí, àti òpin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 8 tí ó ti ṣe ẹran nínú agbo yẹn ti mọ ohun kan tí ó ṣòro láti fi ìwé kọ́ni.

Lọ́dọ̀ àwọn òṣèré aláwọ̀ṣe pẹ̀lú, inú agbo-ilé ni iṣẹ́ ti ń ran ọmọ. Iṣẹ́ ìwádìí tí Joel Adédèjì ṣe ní Ìbàdàn ní 1969 lórí eré alárìnjó fi ìdí èyí múlẹ̀. Nígbà tí Hugh Clapperton dé ọ̀dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, àwọn òṣèré báyìí ni wọ́n fi ṣe é lálejò. Wọ́n fi erè hàn án. Wọ́n sì gbé ẹnìkan jáde tí ó ṣe bí òyìnbó, tí àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí. Eré tí ó lè fi àlejò ọba ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú rẹ̀, eré tí ó ní ẹnu ni. Ọmọ tí ó bá dàgbà sínú irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí a kọ́ láti máa dákẹ́.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Oore ńlá ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni a jẹ nínú rẹ̀, tàbí tí òbí wa jẹ nínú rẹ̀, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi bú u. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé gba ọ̀sán ọmọ, iṣẹ́ àmúrelé sì gba alẹ́ rẹ̀. Ní 1959 tẹlifíṣọ̀n dé sí Ìbàdàn, ó gba èyí tí ó kù. Eré wá di ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ ìparí ọdún. Gbogbo yín ni ẹ mọ bí ó ti ń rí: ọmọ kan fi òwú ṣe irùngbọ̀n, olùkọ́ dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, pàṣán sì wà nítòsí. Ọmọ náà kò wo ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Aṣọ ìkélé ni ó ń wò.

Ohun ìyanu ni pé ilé-ìwé kan náà yìí ni ó bí àwọn ọ̀gá eré wa. Hubert Ògúndé, tí ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní oṣù kẹfà 1944, ti ṣe olùkọ́ kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Olùkọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Olùkọ́ ni Dúró Ládípọ̀, ẹni tí ó gbé Ọba Kò So jáde ní 1963, tí ó sì gbé e dé Berlin ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kì í ṣe pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti eré kò lè gbé pọ̀. Ohun tí a ń fi eré ṣe nínú yàrá náà ni mo ń bá jà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde ní 1970, Adébáyọ̀ Fálétí sì tẹ Baṣọ̀run Gáà jáde ní 1972. Mo ń pàdé àwọn ọmọ tí ó ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìdánwò, tí wọ́n lè to àwọn ẹ̀dá ìtàn àti ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí wọn kò sì tíì dìde dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti sọ gbólóhùn kan nínú rẹ̀ sí ojú ẹlòmíràn. Bí ẹni ka bí a ti ń se ọbẹ̀ tí kò dé ìdí ààrò ni.

Àwọn mìíràn ti rí ìṣòro yìí ní ilẹ̀ tiwọn. Ní Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1965, Belgrade Theatre bẹ̀rẹ̀ sí í rán òṣèré tí ó tún jẹ́ olùkọ́ lọ sí ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ lè wọ inú eré náà kí wọ́n sì bá wọn pinnu. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ASSITEJ, ẹgbẹ́ àgbáyé fún tíátà ọmọdé, sílẹ̀ ní Paris. Ó dára láti mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹkùn mẹ́ran nílé kò yẹ kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ kọ́ bí a ti ń mú òǹwòran wọ agbo.

Mo fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ kan tí èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìletò kan. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọmọ 23 ni wọ́n fún wa, láti ọdún 8 dé 12, a sì ní ọ̀sẹ̀ méje. A mú àlọ́ tí gbogbo yín mọ̀: Yánníbo kò bímọ, Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ fún aya rẹ̀, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìjàpá tọ́ ọ wò, ikùn rẹ̀ wú, ó sì ń fi orin bẹ babaláwo. Ẹ̀rín pọ̀ nínú àlọ́ yìí, ìdí tí a fi yàn án nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tí olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún wa pé kì í sọ̀rọ̀ bi wá pé, "Yánníbo ńkọ́? Ta ni ó lọ sọ fún un?" Àwa àgbà wo ara wa. Àlọ́ náà kò dáhùn. Ìjàpá ni ó ń bá lọ títí dé òpin; obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn wà nílé, a kò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

A jù ìbéèrè náà sí àárín agbo. Ọmọkùnrin kan ní kí Yánníbo lu Ìjàpá. Òmíràn ní kí ó lọ bá babaláwo fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní kí ó ṣáà dúró nílé. A kò jiyàn. A ní kí wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí a rí i. Èyí tí ó dúró nílé ni ó mú gbogbo wọn dákẹ́: Yánníbo ti gbálẹ̀, ó ti ró aṣọ tuntun, ó gbọ́ orin ọkọ rẹ̀ lókèèrè, ó sì mọ̀ láti inú orin náà pé ara rẹ̀ nìkan ni ó ń tọrọ ìwòsàn fún. Ó kọjú sí òǹwòran, ó ní, "Àsèjẹ mi dà?" Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fẹ́ kí Yánníbo bímọ ní ìgbẹ̀yìn, kí inú àwọn ènìyàn lè dùn relé. Ọmọ ọdún 9 kan dá a lóhùn pé, "Ṣebí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán." A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà kò fara mọ́ ọn. Ó ní àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ wà ní ìletò náà, wọn yóò sì jókòó níwájú. Ó ní ọmọdé kò gbọdọ̀ fa ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù jáde sí gbangba. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ni, n kò sì kà á sí ọ̀rọ̀ òpè. Bí eré kan bá lè fi ẹnìkan ṣẹlẹ́yà nínú ìbànújẹ́ rẹ̀, kí a yọ ọ́ kúrò. A gbé ọ̀rọ̀ náà padà fún àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn lọ mú ìyá àgbà rẹ̀ wá sí ìdánrawò. Ìyá náà wò ó tán, ó ní kí a má yọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó ní kí a tún ṣe: kí Yánníbo má sunkún mọ́, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ti pẹ́ lórí rẹ̀ kì í sunkún. N kò tíì gba ìmọ̀ràn tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu olùdarí eré kankan.

Ní ọjọ́ eré, ọmọbìnrin yẹn, tí kì í sọ̀rọ̀, ni ó ṣe Yánníbo. Nígbà tí ó bèèrè àsèjẹ rẹ̀, gbogbo agbo pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ó ti jẹ ẹ́!" Òmíràn ní kí wọ́n dì í mú. Ọ̀rọ̀ di tiwọn. Ọmọ tí ó ṣe Ìjàpá gbàgbé orin rẹ̀, ó dúró, ó wo àwọn ìyá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a kò kọ́ ọ. Eré tí a dá ní ìṣẹ́jú 40 gba wákàtí kan ó lé. Ọ̀gá ilé-ìwé náà kò bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ yẹn.

Àwọn kan yóò ní èyí lòdì sí ẹ̀kọ́ ilé. Àwọn baba wa ni ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà sì ní iṣẹ́ níbẹ̀. Àwa ni a gé eré náà nígbà tí ó gùn, àwa ni a mọ ìgbà tí ó rẹ̀ wọ́n, àwa ni a rí i pé ọmọ kankan kò dá nìkan relé. Ọ̀rọ̀ èdè pẹ̀lú kò ṣeé fojú fò. Ètò ọdún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì rẹ̀yìn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí ó ń wá ọ̀rọ̀ nínú èdè àjèjì kì í ráyè bèèrè Yánníbo.

Ó ku ọ̀rọ̀ àsìkò. Àwọn òbí kan kò fẹ́ kí a pa àlọ́ ní ọ̀sán, nítorí pé èèwọ̀ ni, ilé-ìwé kò sì ní alẹ́. Ohun tí a ṣe ni pé ní ọ̀sán a kì í pa àlọ́. A ń ṣe ìdárayá, a ń kọ́ ìlù, a ń ran aṣọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn òbí fúnra wọn a mú àga wá, a ó sì bẹ̀rẹ̀. Aago méje àbọ̀ gbogbo ọmọ ti délé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú àwọn tí ẹ ti wá bá lè yọ̀ǹda pápá rẹ̀ fún wa ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé tí a ó kọ orúkọ sí.