Ṣé Kí Á Máa Pa Amplifier Wa?
Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá nílé lóko, àwọn kan nínú wa ní kí á má ṣe pa amplifier gbọ̀ngàn wa mọ́, nítorí ohùn rẹ̀ a máa dùn sí i bí ó bá gbóná. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n wákàtí kan tó fún un. Bí ó bá ń jẹ 200 wọ́ọ̀tì ní ìdákẹ́, yúnìtì 144 ni yóò jẹ ní ọjọ́ 30. Ooru a sì máa gbẹ kapasítọ̀ rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta níbí, bí iná bá lọ tí ó padà lójijì, ó lè bà á jẹ́. Owó ará ilé àti ti Ìlú Òyìnbó ni a fi rà á. Ẹ jẹ́ kí á máa tàn án ní wákàtí kan ṣáájú ìpàdé, kí á sì pa á lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.