Ìbòjú Adé: Bí Ó Ti Yẹ Kí Olórí Fi Inú Rẹ̀ Han Àwọn Tí Ó Ń Darí



Bí ẹ̀rù bá ń ba olórí, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, báwo ni ó ti yẹ kí àwọn tí ó ń darí mọ̀ ọ́n tó? Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lẹ́nu ni pé akọ igi kì í ṣoje. A sì máa ń fi adé ńlá ṣe ẹ̀rí. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó rọ̀ bo ojú ọba kì í jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ bí ó bá fajú ro tàbí bí omijé bá lé sí i lójú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pàápàá, ẹnu ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń gbà jáde ní gbangba.

Lójú tèmi, ìdajì ẹ̀rí náà ni a ń kà. Ìbòjú wà fún gbangba. Kò wà fún inú ààfin. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí ìyá tí ó bí Aláàfin bá ṣì wà nígbà tí ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, a kì í jẹ́ kí ó wà láàyè mọ́. Àṣà líle gbáà ni. Síbẹ̀, wọn kò fi ọba sílẹ̀ láìní ìyá: wọ́n a fi obìnrin mìíràn joyè Ìyá Ọba. Ohun tí mo rí kà nínú rẹ̀ ni pé àyè ìyá kò ṣeé fi sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn ẹni tí a ti bò lójú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Efúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Johnson kọ ọ́ pé láti ìgbà náà ni ó ti di ìkà sí àwọn ẹrú rẹ̀ obìnrin tí ó bá lóyún. Ní 1874, Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ lóyè; lọ́dún náà gan-an ni àwọn ẹrú rẹ̀ pa á nínú ilé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀ràn òṣèlú àti gbèsè ohun ìjà wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, àti pé ẹni tí ó ṣẹ́gun ni ó sábà máa ń pìtàn. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ yọ àbùmọ́ kúrò, nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa obìnrin alágbára yìí, n kò bá ẹnìkan pàdé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ìbànújẹ́ tí kò ráyè gba ẹnu jáde, ọwọ́ ni ó gbà jáde, orí àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó sì bọ́ lé.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí olórí máa tú inú rẹ̀ síta bí ẹni ń tú igbá ọjà. Èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́dún kan tí owó oṣù kò wọlé, mo jẹ́ olórí ẹ̀ka kékeré kan. Mo pe àwọn olùkọ́ jọ, mo ní ẹ̀rù ń bà mí, n kò rí oorun sùn. Òtítọ́ sì ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn méjì ti ń wá iṣẹ́ sí ibòmíràn. Akọ̀wé wa, màmá kan tí ó jù mí lọ, wá bá mi ní ọ́fíìsì.

“Ọ̀gá,” ni ó wí, “ẹ̀rù tí ó ń bà yín ti di ẹrù lórí wa o. Kí ni ká ṣe lọ́la?”

Lọ́jọ́ kejì, mo tún pè wọ́n. Mo sọ iye oṣù tí wọ́n jẹ wá, lẹ́tà tí mo ti kọ, àti àwọn kíláàsì tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó dúró. N kò purọ́ pé ẹ̀rù ti tán. Mo ní ó ṣì kù díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ìyẹn ni àwọn ènìyàn ń wò lójú olórí, pé ó ṣì ń ríran.

Èyí tí ó kù nínú ẹkún náà ńkọ́? Bí a bá fi ẹnìkan jẹ olórí ẹ̀ka láàárín wa, a máa ń fún un ní kọ́kọ́rọ́, òǹtẹ̀, àti fáìlì tí eruku ti bò. N kò tíì rí ìgbìmọ̀ tí ó bi í léèrè ẹni tí yóò máa rí ojú rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣí ìbòjú.