Òfin Má-tà-má-rà: Ọwọ́ Ta Ni Owó Mùsùlùmí Ń Bọ́ Sí?



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, fífi ebi jẹ ènìyàn níyà kì í ṣe ohun tuntun. Ní nǹkan bí ọdún keje tí Ànábì ti ń jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́hun, àwọn Kùráìṣì kọ ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà fún ìdílé Háṣímù tàbí kí ó rà lọ́wọ́ wọn. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni ìyà náà fi jẹ wọ́n ní àfonífojì Abú Tálíbù. Hiṣámù ọmọ Amru, tí kò tíì di Mùsùlùmí nígbà náà, a máa di oúnjẹ ru ràkúnmí lóru, a tú ìjánu rẹ̀, a sì lé e wọ àfonífojì náà.

Nígbà tí agbára wá bọ́ sọ́wọ́ Mùsùlùmí ńkọ́? Thumámà ọmọ Uthálù, olórí kan láti Yamámà, gba Ìsìláàmù ní Mẹ̀dínà lẹ́yìn tí Ànábì tú u sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lára òpó mọ́sálásí tí wọ́n so ó mọ́. Nígbà tí ó dé Mẹ́kà, àwọn Kùráìṣì kẹ́gàn rẹ̀. Ó sì búra pé hóró àlìkámà kan kò ní ti Yamámà wá bá wọn mọ́ àfi bí Ànábì bá yọ̀ǹda. Ebi mú wọn. Wọ́n kọ̀wé sí Ànábì, wọ́n fi okùn ìbátan bẹ̀ ẹ́. Ọ̀tá ni wọ́n ṣì jẹ́, àwọn kan náà tí wọ́n fi ebi há ìdílé rẹ̀ mọ́. Ó ránṣẹ́ sí Thumámà pé kí ó jẹ́ kí ọkà máa lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí Mẹ́kà. Láti ọdún 1962 ni Amẹ́ríkà ti fi òfin de òwò pẹ̀lú Kúbà, erékùṣù tí irú-ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú pọ̀ sí. Òfin ọdún 1992 ní kí ọkọ̀ ojú omi tí ó bá ṣòwò níbẹ̀ má ṣe gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà fún 180 ọjọ́. Òfin ọdún 2000 gbà kí àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ta oúnjẹ fún wọn, ṣùgbọ́n owó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Owó ṣáájú lọ́wọ́ ẹni tí kò ní! Mùsùlùmí tí ó ta oúnjẹ tàbí oògùn fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Èyí tí ń gbé Amẹ́ríkà ni àdéhùn ibẹ̀ dè. Kí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó má ṣe fàyàwọ́, nítorí àṣẹ ìmúṣẹ àdéhùn ni Súratul-Máídà fi bẹ̀rẹ̀.

Ìrìnàjò afẹ́ yàtọ̀, afẹ́ kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura ńláńlá ní Kúbà jẹ́ ti iléeṣẹ́ àwọn ológun, àpò wọn sì ni owó àlejò ń wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1997 ni òfin Kúbà ti gba onílé láàyè láti fi yàrá ilé rẹ̀ gba àlejò. Ìjọba a máa gba owó orí nínú rẹ̀, síbẹ̀ onílé ń rí jẹ. (Ti ọtí rọ́mù tí àwọn àlejò ń dì bọ̀, èèwọ̀ rẹ̀ kò dúró de òfin Amẹ́ríkà.) Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ni ilé tí yóò sùn, kí ó tó san kọ́bọ̀.