Òjò Àkọ́rọ̀ Kì í Ṣe Àkókò Òjò: Ìmọ̀ràn fún Àgbẹ̀ Etíkun àti Àgbẹ̀ Orí Òkè

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ojú ọjọ́ láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹfà ọdún, ìyẹn ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ, tí ooru mú, tí òjò sì ń bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ní etí òkun, ó sì ní òkè ńlá bíi ti Ìdànrè àti ti Àkókó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò wa gbọ̀ngbọ̀n. Òjò ẹ̀ẹ̀kan péré a máa tan ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jẹ. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kan, ilẹ̀ tutù, gbogbo abúlé gbé irúgbìn lọ sóko. Àgbàdo hù dáadáa, inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn náà òjò dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, oòrùn mú ganrínganrín, àgbàdo rọ, ó sì gbẹ mọ́lẹ̀. Irúgbìn tí a rà lọ, owó alágbàṣe lọ, gbèsè ẹgbẹ́ sì wà nílẹ̀ tí a ó san. Ẹni tí kò ní owó irúgbìn kejì lọ́wọ́ yóò wá máa wo ilẹ̀ lásán nígbà tí òjò gidi bá dé. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ mú gbólóhùn kan yìí lọ sílé: òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣe àkókò òjò.

Ibi tí òjò wa ti ń wá

Ẹ̀fúùfù méjì ló ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti àríwá àti ìlà-oòrùn wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Gbígbẹ ni òun, òun ló ń gbé ọyẹ́ àti eruku wá. Èkejì ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn wá láti orí òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀rinrin kún inú rẹ̀, òun ló sì ń di òjò fún wa. Láti oṣù kejì lọ, ẹ̀fúùfù òkun a bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀fúùfù aṣálẹ̀ sẹ́yìn lọ sí ìhà àríwá. Ṣùgbọ́n kì í tì í lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ni wọ́n dà bí ẹni méjì tó ń jìjàkadì: lónìí ti òkun a borí, lọ́tùn-ún-la ti aṣálẹ̀ a tún padà. Ìyẹn ló fà á tí òjò fi máa ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò tún lọ, kó tó wá dúró ṣinṣin.

Etí òkun ni ẹ̀fúùfù òkun ń kọ́kọ́ dé. Nítorí náà òjò máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbókòdá, Ayétòrò àti agbègbè wọn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Òjò etíkun lè lé ní 2,000 mìlímítà lọ́dún. Ní Àkúrẹ́, ó wà ní nǹkan bí 1,500 mìlímítà. Bí a bá sì ti ń lọ sí Ìkàrẹ́ àti Òkè-Àgbè, òjò ń dín kù, ó sì ń pẹ́ sí i kó tó fìdí múlẹ̀. Ẹ̀yin ará Àkókó, bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ará Òkìtìpupa ti ń gbin àgbàdo, ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ sáré gbé àdá. Ọjọ́ tiwọn nìyẹn, tiyín ń bọ̀.

Bí a ṣe ń mọ òjò gidi

Ẹ wá agolo kan tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e sí gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti bò ó, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa bì í ṣubú. Láràárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ fi rúlà ọmọ iléèwé wọn omi inú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì da omi náà nù. Bí omi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn bá pé sẹ̀ǹtímítà méjì, ìyẹn 20 mìlímítà, ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí omi mu.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní ìgbà ooru yìí, oòrùn àti ewéko lè fa omi tó tó mìlímítà mẹ́rin sí márùn-ún kúrò nínú ilẹ̀ lójúmọ́. Òjò 20 mìlímítà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lókè ilẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Àgbàdo náà sì ń lo nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kó tó yọrí. Ìgbà tó yọrí síta gan-an ni omi ń tán nídìí rẹ̀, nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì rìn jìnnà. Nítorí náà, òjò kan kò tó. Ẹ jẹ́ kí òjò kejì tó nípọn dé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, kí ẹ tó gbà pé àkókò ti dé.

Ẹ tún fi ọwọ́ yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí ó jìn tó orí ìka dé ọrùn ọwọ́. Ẹ bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ fún un pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá ṣù pọ̀, ọ̀rinrin ti wọlé. Bí ó bá tú ká bí elùbọ́, ẹ dúró. Ilẹ̀ iyanrìn etíkun kì í ṣù dáadáa. Ẹ̀yin tibẹ̀, ẹ wò bóyá ó tutù tó sì lẹ̀ mọ́ ìka.

A kò ní kí ẹ dúró títí di ìgbà tí ilé bá kún o. Pípẹ́ jù náà ní ewu tirẹ̀. Àgbàdo tó bá pẹ́ ni kòkòrò tó ń lu igi àgbàdo máa ń bá jà jù, àti èyí tó ń jẹ ọkàn rẹ̀, tó wọ Nàìjíríà ní 2016. Àgbàdo ọlọ́jọ́ 90 tí a gbìn ní àárín oṣù kẹrin yóò gbó ní àárín oṣù keje, yóò sì bá ìsinmi òjò oṣù kẹjọ pàdé láti gbẹ dáadáa. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ pín irúgbìn yín sí mẹ́ta. Ẹ gbin ìdá kan nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù délẹ̀. Ẹ gbin ìdá kejì ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ẹ fi ìdá kẹta pamọ́ sínú ike tó dé dáadáa, títí ẹ ó fi rí i pé òjò kò padà lẹ́yìn yín.

Fún ẹ̀yin tó wà létí omi

Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kì í dá wá, ìjì líle ló máa ń bá a rìn. Ìlà-oòrùn ni ìjì yìí ti ń wá, ó sì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, lọ́sàn-án tó ti rọ̀, nírọ̀lẹ́ tàbí lóru. Ẹ̀yin apẹja, kí ẹ tó ti ọkọ̀ sínú omi, ẹ wo ìlà-oòrùn. Bí ojú ọ̀run bá dúdú bí ògiri níbẹ̀, tí atẹ́gùn dákẹ́ rọ́rọ́, tí òmíràn tó tutù sì ṣàdédé fẹ́ lù yín, kò sí àkókò àtikó àwọ̀n mọ́. Ẹ wá èbúté. Ẹja kò tó ẹ̀mí.

Ìparí ẹ̀rùn ni omi iyọ̀ máa ń wọ inú odò jù. Ẹ̀yin tó ń gbin ẹ̀fọ́ àti ata, ẹ tọ́ omi wò kí ẹ tó bu ú sídìí èèhù. Bí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òjò ṣan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan ná. Gbogbo wa la mọ bí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tó sì ti gbé ilé àti ilẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Nítorí náà, ibi tó ga ni kí ẹ gbin ẹ̀gẹ́ sí, nítorí ó ń pẹ́ nílẹ̀. Ohun tó ń tètè jáde ni kí ẹ gbìn sítòsí omi. Ẹ má sì gbé irúgbìn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé. Ẹ gbé e kọ́ àjà.

Fún ẹ̀yin tó wà lórí òkè

Bí ẹ̀fúùfù òkun bá kọ lu òkè, a gòkè, a tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ a sì di òjò. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí òkun lè rí òjò, kí ẹ̀yìn òkè má rí i tó bẹ́ẹ̀. Oko méjì tí òkè kan là láàárín lè má gbin nǹkan lọ́jọ́ kan náà. Agolo tiyín ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ti aládùúgbò.

Ní Ìdànrè, àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá bọ́ sórí rẹ̀ ló ń ya lọ sínú oko ìsàlẹ̀. Ẹ kọ ebè yín dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ má kọ ọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí omi má bàa gbé ọ̀rá ilẹ̀ lọ. Ẹ má dáná sun gbogbo pàǹtí oko. Ẹ̀yin oníṣu, ẹ fi koríko gbígbẹ dé orí ebè, kí ooru má bàa jó irúgbìn iṣu nínú ilẹ̀ bí òjò bá dáwọ́ dúró.

Kùrukùru òwúrọ̀ máa ń pẹ́ ní àfonífojì, igi kòkó a sì máa tutù títí oòrùn fi yọ gan-an. Ohun tí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ń fẹ́ nìyẹn. Kí òjò tó pọ̀, ẹ ká gbogbo èso dúdú ti ọdún tó kọjá kúrò lórí igi, kí ẹ sì gé ẹ̀ka tó dí ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Ọmọ kòkó tí ẹ fẹ́ lọ́, ẹ dúró di oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà tí òjò ti múlẹ̀.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ohun tí àgbẹ̀ kan kò lè dá ṣe, ẹgbẹ́ lè ṣe é. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, tí a mọ̀ sí NiMet, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 2003, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, tí ó sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ béèrè fún un lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ó sì kà á ní ìpàdé. Àsọtẹ́lẹ̀ yẹn ń tọ́ka ọ̀nà, agolo àti ọwọ́ yín ni yóò sọ ọjọ́.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó irúgbìn, kí wọ́n pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì: apá kan nígbà ìgbìn àkọ́kọ́, apá kejì nígbà tí òjò bá dúró. Ọmọ ẹgbẹ́ tí òjò bá já kulẹ̀ yóò rí nǹkan tún ọwọ́ gbìn.

Ẹ jẹ́ ká kó ọ̀rọ̀ jọ:

1. Ẹ wọn òjò, kí ẹ yẹ ilẹ̀ wò, kí ẹ tó gbé irúgbìn.
2. Ẹ má fi ọjọ́ ìgbìn etíkun ṣe ọjọ́ ìgbìn orí òkè.
3. Ẹ má gbin gbogbo irúgbìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
4. Ẹ wo ìlà-oòrùn kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi.
5. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ní irúgbìn tàbí owó àtúngbìn nípamọ́.

Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó múra sílẹ̀ ni yóò fi òjò náà jẹun. Àgbẹ̀ kò ní pòfo lọ́dún yìí o.