Bí Bíréèkì Bá Ń Ké
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọkọ̀ kékeré tí a fi ń wá síbi iṣẹ́, tí a sì tún fi ń gbé èrò díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí owó oṣù lè dé ìparí oṣù. Bí bíréèkì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, owó mẹkáníìkì a máa bani lẹ́rù, a ó sì pinnu láti tún un ṣe fúnra wa lẹ́yìnkùlé. Kò burú. Ṣùgbọ́n bíréèkì kì í ṣe rédíò. Rédíò tí a kò tún ṣe dáadáa kò ní fọhùn, ó parí.

Kí ló ń ké? Páàdì ló ń gbọ̀n lára díìsìkì, gbígbọ̀n náà sì ni etí wa ń gbọ́. Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò nìkan, ìpẹtà díẹ̀ ni. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò lọ. Bí ó bá di ojoojúmọ́, eruku lè ti kún ibẹ̀, ojú páàdì lè ti dán bíi dígí, tàbí kí píìnì tí kálípà ń rìn lórí rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn páàdì mìíràn ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a dìídì fi sí i kí ó máa ha díìsìkì nígbà tí páàdì bá fẹ́ tán. Ìkìlọ̀ ni igbe yẹn. Bí igbe bá sì di ohùn irin tí ń lọ irin, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́.

Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi epo sí ojú páàdì kí ó lè dákẹ́. Yóò dákẹ́ lóòótọ́. Ọkọ̀ náà kò sì ní dúró.

Orí ilẹ̀ tí ó le, tí ó sì tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ fi igi dí àwọn táyà tí ẹ kò ní gbé sókè. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ẹ tó gbé jáàkì. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò sí fún dídá a dúró. Sítáńdì onírin ni kí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó lè fọ́ lójijì. Kí ẹ sì ti táyà tí ẹ bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí: eruku. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi asbestos ṣe lánínì àti páàdì. Ìjọba Bìrìtìkó fòfin dè é ní 1999, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣe bẹ́ẹ̀ parí ní 2005, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ayé ló fòfin dè é. Lánínì tí ẹ rà lọ́jà, ojú lásán kò lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún yín. Eruku asbestos a máa fa àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró àti nínú awọ tí ó bò ó, ó sì lè tó 20 ọdún sí 40 ọdún kí ó tó yọjú, nígbà tí ènìyàn ti fẹ̀yìntì. Nítorí náà, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Ẹ má gbé aṣọ iṣẹ́ náà fún ìyàwó kí ó máa gbọ̀n ọ́n.

Ilé-iṣẹ́ kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni a fi ń fẹ́ dọ́rọ́ọ̀mù níbẹ̀. Nígbà tí a béèrè ìbòmú, agolo mílíìkì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún wa. Ikùn ni mílíìkì ń lọ, kì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró! Ẹ̀yin tí ẹ wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá tún gbé mílíìkì wá, ẹ gbà á, kí ẹ sì tún béèrè ìbòmú tí ó tọ́.

Bí ẹ bá tú kálípà, ẹ fi wáyà so ó rọ̀; ẹ má jẹ́ kí họ́ọ̀sì rẹ̀ gbé e. Páàdì tí kò tó mílímítà 3 mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì pọ̀. Gíríìsì bíréèkì tí ó lè gba ooru, orí píìnì àti ẹ̀yìn páàdì nìkan ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ wọ inú ilé ọ́ìlì bíréèkì láé, yóò ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ kí ẹ tó sún ọkọ̀ rárá, nítorí pé ìtẹ̀ àkọ́kọ́ a máa lọ sílẹ̀ pátápátá. Kí ẹ wá dán an wò díẹ̀díẹ̀, níbi tí ènìyàn kò sí.

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Sípíríǹgì tí ó wà nínú agolo bíréèkì afẹ́fẹ́ lágbára tó láti pa ènìyàn bí a bá ṣí i láìmọ̀ ọ́n. Bí tiyín bá ń ké, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan wá fún mi. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ wà á bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i.

Sítáńdì méjì wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá a, kí ó kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ó sì dá a padà ní ọjọ́ kejì.