Èédú Inú Asẹ́ Ẹja: Ǹjẹ́ A Lè Fọ̀ Ọ́ Kí A Tún Un Lò?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kò ju ọ̀rọ̀ ẹ̀kúnwọ́ èédú kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ó kan àpò owó wa, ó sì kan omi tí à ń mu.

Bí ẹ bá ti dé ilé ẹni tí ó ń sin ẹja kéékèèké aláràbarà nínú àpótí dígí, ẹ ó ti rí ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń fa omi inú àpótí náà, tí ó ń sẹ́ ẹ, tí ó sì ń dá a padà sọ́dọ̀ àwọn ẹja. Nínú asẹ́ ẹ̀rọ náà ni wọ́n máa ń fi àpò kékeré kan sí, tí èédú wóró-wóró kún inú rẹ̀. Owó ni a fi ń ra èédú yìí, àwọn tí ń tà á a sì máa sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti tó nǹkan bí oṣù kan. Nígbà náà ni ẹni tí ń ṣọ́ owó ná yóò wò ó títí, yóò sì béèrè pé: "Èédú tí kò jóná, tí kò fọ́, tí kò sì dín, kí ló dé tí a ó fi dà á nù? Ṣé a kò lè fọ̀ ọ́, kí a sè é, kí a sá a sóòrùn, kí a sì dá a padà sínú asẹ́ ni?"

Ìbéèrè tí ó dára ni. Àwọn baba wa kì í fi nǹkan ṣòfò, kò sì yẹ kí àwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí èédú yìí ń ṣe, nítorí ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lè mọ ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Èédú yìí kì í ṣe irú èyí tí a fi ń yan àgbàdo. Èédú oníhò ni, òun ni àwọn olóyìnbó ń pè ní activated carbon. Igi ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn, èèpo líle tí ó wà lára àgbọn ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn, èédú tí a wà nínú ilẹ̀ sì ni ti òmíràn. Wọn a kọ́kọ́ sun ún níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè dé, kí ó má baà di eérú. Lẹ́yìn èyí ni wọn a gbé e sínú iná ìléru tí ó gbóná gidigidi, wọn a sì máa fẹ́ ooru omi sí i, irú ooru tí ẹ máa ń rí lórí ìkòkò tí ń hó. Ooru omi yìí a máa jẹ èédú náà láti inú, a sì máa gbẹ́ ihò sí i lára, ihò nínú ihò, gẹ́gẹ́ bí ilé ikán, ṣùgbọ́n wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ ro ẹní kan tí ó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Bí a bá lè tú ògiri gbogbo ihò tí ó wà nínú gíráàmù kan ṣoṣo èédú yìí, kí a sì tẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n lè tó 1,000 irú ẹní bẹ́ẹ̀. Pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù kò ju nǹkan bí 7,000 lọ. Èyí ni pé èédú tí ó kún ṣíbí ìjẹun kan ní ògiri tí ó lè bo gbogbo pápá bọ́ọ̀lù!

Lára àwọn ògiri yìí ni iṣẹ́ wà. Bí omi ti ń gba inú èédú kọjá ni àwọ̀, òórùn àti oògùn tí ó ti yọ́ sínú omi náà ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, tí omi sì ń jáde ní mímọ́ gaara. Kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 1785 ni apòògùn kan ní ìlú St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Johann Tobias Lowitz, ṣàkíyèsí pé èédú a máa mú kí omi oògùn tí ó ti dúdú padà mọ́. Ní ọdún 1900 àti 1901 ni Raphael von Ostrejko gba ìwé àṣẹ fún ọ̀nà tí a lè gbà ṣe èédú oníhò ní ilé-iṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, wọ́n fi irú èédú bẹ́ẹ̀ sínú ìbojú tí àwọn ọmọ ogun ń wọ̀ kí èéfín olóró má baà pa wọ́n. Ní ọdún 1918, wọ́n tilẹ̀ rọ àwọn ará ìlú ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má ṣe da kóró èso nù, kí wọ́n kó o jọ fún iṣẹ́ yìí.

Nísinsìnyí, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: èédú kì í jẹ ìdọ̀tí run. Mímú ni ó ń mú un, ó sì ń dì í mú. Bí aká àgbàdo ni ó rí. Nígbà tí aká bá kún, ẹ lè gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí kí ó mọ́ tónítóní, èyí kò sọ pé àyè ti ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn ń dá wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ̀gbin ara rẹ̀ ni ó fọ̀ kúrò. Omi yóò tún lè gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ihò kò kúrò. Ẹni tí ó sá a sóòrùn, gbígbẹ ni ó gbẹ. Ẹni tí ó sè é, omi tí ń hó kò gbóná ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọn nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ díẹ̀ lè jáde, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù yóò dúró síbi tí ó wà. Ẹni tí ó kó o sínú ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì nílé, ààrò bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbóná ju nǹkan bí 250 lọ. Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ èédú bẹ́ẹ̀ dọ̀tun, iná wọn a tó 800 sí 900, wọn a sì tún fẹ́ ooru omi sí i.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ó dára, èmi óò dà á sórí iná tí ó pọ́n yòò." Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, èédú náà fúnra rẹ̀ yóò gbiná, yóò sì di eérú. Bí ó bá dé e mọ́ inú agolo kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án, ìdọ̀tí tí ó wà nínú ihò náà yóò jóná di èédú níbẹ̀, yóò sì dí ihò. Ní ilé-iṣẹ́ pàápàá, tí wọ́n ní gbogbo ohun èlò, nǹkan bí márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èédú a máa ṣòfò nígbàkigbà tí wọ́n bá sọ ọ́ dọ̀tun. Àwọn ilé-iṣẹ́ omi ńláńlá tí ń lo èédú rẹpẹtẹ ni ó lè jèrè nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan kò tó ohun tí à ń dáná ìléru sí.

Ewu sì wà níbẹ̀. Bí a bá ti fi oògùn tọ́jú ẹja tí ó ń ṣàìsàn, èédú yóò ti mú nínú oògùn náà. Ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a fi se é, ààrò oúnjẹ kọ́ ni ó sì yẹ kí a kó o sí. Bákan náà, ẹ má ṣe gbé iná èédú sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, nítorí iná náà a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun.

Ewu tí ó tóbi jù lọ ni ti omi mímu. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n ní asẹ́ omi mímu tí èédú oníhò wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe omi inú ọ̀rá náà a máa lò ó. Bí èédú ilé ẹja àti ti omi mímu ti jọra lójú, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni kó ti ẹja sínú ti ènìyàn láé, bí ó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Ẹ sì mọ̀ pé èédú tuntun pàápàá kì í pa kòkòrò tí ń fa àrùn onígbáméjì tàbí ibà táífọ́ọ̀dù. Àwọ̀ àti òórùn ni ó ń mú kúrò. Èyí tí ó ti gbó tilẹ̀ lè di ibùgbé fún kòkòrò. Omi tí ó mọ́ lójú lè má mọ́ fún mímu. Bí ẹ kò bá dá omi kan lójú, ẹ sè é kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ tó fún ọmọ mu.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé èédú wa ti kún? Àwọn ọmọ ilé-ìwé lè ṣe ìdánwò kan níṣojú olùkọ́ wọn. Ẹ wá ife dígí mẹ́ta. Ẹ bu omi kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, sínú gbogbo wọn, kí ẹ sì kán ẹ̀kán yíǹkì gègé kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ṣíbí èédú tuntun kan tí ẹ ti ṣàn sí àkọ́kọ́, ṣíbí èédú àlòkù tí ẹ ti ṣàn sí ìkejì, kí ẹ má fi nǹkan kan sí ìkẹta. Ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì tún wò wọ́n. Bí omi ife kejì bá ṣì rí bí ti ìkẹta, aká ti kún nìyẹn. Kí ẹ da àwọn omi náà nù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún.

Kí wá ni ẹni tí kò fẹ́ náwó ṣòfò lè ṣe? Ó lè ṣe ohun púpọ̀. Ẹ̀kíní, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ẹja nílò èédú. Ohun tí ó ń tètè pa ẹja inú àpótí ni májèlé kan tí ń jẹ́ amóníà, tí ń jáde láti ara ẹja fúnra rẹ̀ àti láti ara oúnjẹ tí ó jẹrà sínú omi. Èédú kò fi bẹ́ẹ̀ lè mú amóníà. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń ṣeni lóore, tí wọ́n ń gbé lára fóòmù asẹ́ àti lára òkúta ìsàlẹ̀ àpótí, ni wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ bí ìdá mẹ́rin omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò sì fún ẹja ní oúnjẹ ju bí wọ́n ti lè jẹ tán lọ, ó ti ṣe ju ẹni tí ń ra èédú lóṣooṣù lọ.

Ẹ̀kejì, kí ó fi èédú pamọ́ fún ìgbà tí iṣẹ́ bá wà fún un: bí omi bá pọ́n, bí ó bá ń rùn, tàbí bí a bá ti tọ́jú ẹja tán tí a fẹ́ kí oògùn tí ó ṣẹ́kù kúrò nínú omi. Ní àkókò tí a bá ń lo oògùn lọ́wọ́, kí ó yọ èédú kúrò, nítorí yóò gba oògùn mọ́ ẹja lọ́wọ́. Èyí tí kò tíì lò, kí ó dé e mọ́ inú agolo dáadáa, nítorí láti inú afẹ́fẹ́ pàápàá ni èédú ti ń mú òórùn.

Ẹ̀kẹta, bí èédú àtijọ́ bá ti pẹ́ nínú asẹ́, àwọn kòkòrò olóore yẹn yóò ti tẹ̀dó sí i lára. Èédú náà kò lè mú àwọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó lè wà níbẹ̀ bí ilé fún wọn. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a kó gbogbo ohun inú asẹ́ dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí a bá fẹ́ fọ̀ wọ́n, omi tí a bù láti inú àpótí ẹja ni kí a lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí oògùn apakòkòrò wà nínú rẹ̀. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, bí kò bá mú oògùn rí, a lè dà á sí ìsàlẹ̀ ìkòkò òdòdó. Bí ó bá ti mú oògùn, ààtàn ni kí ó lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá wá bi yín léèrè báyìí pé ṣé a lè fọ èédú inú asẹ́ kí ó padà di tuntun, ẹ dá a lóhùn pé rárá, kò ṣeé ṣe nínú ilé, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi òun náà bóyá ó ti pààrọ̀ omi ẹja rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.